Ààyè Ọ̀fẹ́ fún Ìwé Ìtọ́sọ́nà Sọ́fítíwíà Open Source

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò. Kò sí ẹni tó kọ sọ́fítíwíà open source, ìyẹn èyí tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba fún ẹnikẹ́ni láti kà, láti lò àti láti tún ṣe, tí ìbéèrè náà kì í bá: níbo ni ká gbé ìwé ìtọ́sọ́nà rẹ̀ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí iṣẹ́ náà kò ní owó kankan lápò?

Kóòdù fúnra rẹ̀ kì í níṣòro ibùgbé. Ìwé ìtọ́sọ́nà ló máa ń kẹ́yìn, tí a ó máa sọ pé a máa wá nǹkan ṣe sí i tó bá yá. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ nípa iṣẹ́ yín kò ní kọ́kọ́ ka kóòdù. Ohun tó ń wá ni bí wọ́n ṣe ń gbé e sórí kọ̀ǹpútà, àpẹẹrẹ kan tó lè dà kọ, àti ìtumọ̀ àṣìṣe tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń gbé jáde fún un láàárín òru. Bí líǹkì tó tẹ̀ bá gbé e dé ojú ìwé tó ti kú, kò ní dúró wádìí ohun tó pa á. Á kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíì tó ṣàlàyé tirẹ̀, kódà bí iṣẹ́ ẹni yẹn kò bá tó tiyín. Mo ti rí i kó ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́ tó dára gan-an, ó sì ń dùn mí títí di ìsinsìnyí.

Ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn ni pé ká wá ẹni tó ń fúnni láàyè ọ̀fẹ́. Mo rọ̀ yín kí ẹ fi ìyẹn sí ipò kejì. Ẹ kọ́kọ́ wo irú ohun tí ìwé yín fúnra rẹ̀ jẹ́, nítorí òun ló máa pinnu iye ilẹ̀kùn tó máa ṣí fún yín.

Oríṣi ìkànnì kan wà tí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó gbé ìkànnì dání, ní láti ṣiṣẹ́ kí ojú ìwé tó jáde. Ẹ béèrè ojú ìwé kan, sáfà lọ wo dátábéèsì, ó kó ọ̀rọ̀ jọ, ó tò ó, kó tó fi ránṣẹ́ sí yín. Bí WordPress ṣe ń ṣe nìyẹn. Oríṣi kejì ni èyí tí gbogbo ojú ìwé rẹ̀ ti wà ní sẹpẹ́ gẹ́gẹ́ bí fáìlì HTML, tí sáfà kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kó gbé fáìlì fún ẹni tó béèrè. Static ni wọ́n ń pe èyí, orúkọ yẹn náà ni màá sì máa lò.

Ìwé ìtọ́sọ́nà kò nílò ju static lọ. Kò sí ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ aṣínà wọlé síbẹ̀, kò sí ọjà tí à ń tà níbẹ̀. Ohun tí òǹkàwé rí lónìí náà ni òǹkàwé ọ̀la máa rí, àfi tí a bá tún un kọ. Ibi tí ọ̀fẹ́ náà ti ń wá nìyí gan-an: pínpín fáìlì tó ti wà ní sẹpẹ́ kì í ná ilé-iṣẹ́ ńlá lówó púpọ̀, wọ́n lè da fáìlì náà kọ sórí sáfà káàkiri ayé, kò sì sí dátábéèsì tí ẹnikẹ́ni lè já wọ̀. Nítorí náà, bí ìwé yín bá ti jẹ́ static, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹ̀yin ni ẹ máa yan ẹni tí ẹ fẹ́. Bó bá jẹ́ ti oríṣi àkọ́kọ́, àwọn tó kù fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ ni àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké tó ń pín ààyè PHP àti MySQL, ìyẹn èdè kóòdù àti dátábéèsì tí irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ ń lò. Púpọ̀ nínú wọn máa ń ti ìpolówó bọ àárín ọ̀rọ̀ yín, wọ́n sì máa ń pa ìkànnì tí èrò kò bá wọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀yin náà lẹ ó sì máa bá wọn tún WordPress ṣe ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá rí àlàfo ààbò nínú rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kọ sọ́fítíwíà kò yẹ kó fi àkókò rẹ̀ ṣe ìyẹn.

Irinṣẹ́ tó ń sọ ọ̀rọ̀ lásán di ìkànnì static pọ̀. Georg Brandl gbé Sphinx jáde ní 2008 nítorí ìwé ìtọ́sọ́nà èdè Python, òun ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ Python ṣì ń lò. MkDocs rọrùn jù ú lọ: ẹ kọ Markdown, ìyẹn ọ̀rọ̀ lásán tó ní àmì díẹ̀ fún ètò rẹ̀, sínú fódà kan, ẹ kọ fáìlì ètò kan, ó parí. Docusaurus wá láti Facebook ní 2017. mdBook wà fún àwọn ará Rust, Hugo àti Jekyll sì wà fún ẹni tó bá fẹ́ ohun tó gbòòrò. Mi ò ní pẹ́ lórí èyí, torí pé èyíkéyìí tó bá ti lè kó gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ sínú fódà kan lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa àṣẹ kan ṣoṣo fún un, ó ti tó. Àṣẹ kan, fódà kan: ẹ di ìyẹn mú, a máa padà sórí rẹ̀.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń fúnni láàyè ṣe pọ̀. Ẹ jẹ́ ká mú wọn wò, ká lo àkókò sí i lọ́dọ̀ àwọn tó yẹ.

GitHub Pages, ti GitHub tí ọ̀pọ̀ ń tọ́jú kóòdù wọn sí, ni ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ dé, ó sì ti wà láti 2008. Ọ̀fẹ́ ni bí ibi ìpamọ́ kóòdù yín bá wà ní gbangba. Ẹ lè ní kó máa gbé ìwé jáde láti inú fódà docs, tàbí láti orí ẹ̀ka gh-pages (ìlà iṣẹ́ kan tó yàtọ̀ nínú ibi ìpamọ́ náà), tàbí kí GitHub Actions, ètò wọn tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, kọ́ ọ fún yín kó sì gbé e lọ. Ìlànà wọn ni pé kí ìkànnì má ju 1 GB lọ, kí dátà tó ń jáde lóṣù má sì ju 100 GB. Iye yìí pọ̀ ju bí ó ṣe ń dún létí lọ fún ìwé tó jẹ́ ọ̀rọ̀ àti àwòrán díẹ̀. Ohun tó sábà máa ń kún un láìnídìí ni fídíò, àti fáìlì sọ́fítíwíà fúnra rẹ̀ tí àwọn kan máa ń kó sínú ìwé ìtọ́sọ́nà. Ojú ewé ìgbàjáde, tí wọ́n ń pè ní Releases, ni ibi tó yẹ fún irú fáìlì bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wà nínú GitHub Pages tó ti da orí ọ̀pọ̀ èèyàn rú. Tí ẹ bá ní kó máa gbé ìwé jáde tààrà láti orí ẹ̀ka, Jekyll ló máa ń gba inú rẹ̀ kọjá, àṣà Jekyll sì ni pé kì í ka fódà tí orúkọ rẹ̀ bá fi àmì ìlà ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Inú fódà _static gan-an ni Sphinx sì máa ń kó ohun ọ̀ṣọ́ ìkànnì sí. Ẹ ó gbé iṣẹ́ tó dára lórí kọ̀ǹpútà yín lọ, ẹ ó dé ibẹ̀ ẹ ó bá ọ̀rọ̀ dúdú lórí funfun, láìsí ọ̀ṣọ́, láìsí àwọ̀, ẹ ó sì rò pé ẹ ti ba nǹkan jẹ́. Ẹ fi fáìlì òfìfo kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ .nojekyll sí ìbẹ̀rẹ̀ ìkànnì náà, gbogbo rẹ̀ á sì padà bọ̀ sípò.

GitLab Pages jọ ọ́, ó wà láti ìparí 2015. Ohunkóhun tí iṣẹ́ CI yín, ìyẹn iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣe fúnra rẹ̀ nígbà tí kóòdù bá yí padà, bá kó sínú fódà public ni yóò gbé jáde, kò bìkítà irinṣẹ́ tó kọ́ ọ. Fún ẹni tó fẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tí kò wá èrè, Codeberg wà. Ẹgbẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ ní Berlin, ní Jámánì, ló ni ín, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti ọrẹ àtinúwá ló sì ń gbé e ró. Sọ́fítíwíà òmìnira nìkan ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Kò sí ilé-iṣẹ́ ńlá lẹ́yìn wọn, nítorí náà ẹ má retí pé kò ní sí ìgbà tí ìkànnì á lọ́ra tàbí tí yóò dákẹ́ díẹ̀. Mo fẹ́ràn wọn síbẹ̀. Bí ẹ bá sì lò wọ́n tí agbára yín ká a, ẹ fi nǹkan ránṣẹ́ sí wọn.

Read the Docs ni mo fẹ́ ká dúró sí jù, nítorí òun nìkan nínú gbogbo àwọn tí mo dárúkọ ni wọ́n dá sílẹ̀ fún ìwé ìtọ́sọ́nà àti ohun tó jẹ mọ́ ọn. Ọdún 2010 ni Eric Holscher, Charles Leifer àti Bobby Grace kọ ọ́ níbi ìdíje àwọn tó ń lo Django, irinṣẹ́ Python fún kíkọ ìkànnì. Ẹ so ó mọ́ ibi ìpamọ́ kóòdù yín, ẹ kọ fáìlì .readthedocs.yaml kan sínú rẹ̀, láti ìgbà náà lọ, bí ẹ bá ti tún ìwé ṣe ni yóò máa tún ìkànnì kọ́.

Ìwúlò rẹ̀ tó ga jù lójú mi ni ti ẹ̀dà. Ẹ ti gbé ẹ̀dà 3 jáde, ṣùgbọ́n àwọn kan ṣì wà lórí ẹ̀dà 1, wọn kò sì lè kúrò níbẹ̀ nítorí ètò ibi iṣẹ́ wọn. Bó bá jẹ́ ìwé ẹ̀dà 3 nìkan ló wà, gbogbo àpẹẹrẹ tí wọ́n bá dà kọ ni yóò máa já wọn kulẹ̀, wọn kò sì ní mọ̀ pé ẹ̀dà ló fà á. Read the Docs máa ń pa ìwé ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá yàn mọ́, ó máa ń fi latest sórí èyí tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́, ó sì ń fi stable sórí èyí tí ẹ gbé jáde kẹ́yìn. Ó tún lè sọ ìwé Sphinx di PDF tàbí ePub, ó ní àwárí tirẹ̀, ó sì lè fi bí ìwé yóò ṣe rí hàn yín kí ẹ tó gba àtúnṣe tí ẹlòmíì fi ránṣẹ́. Ẹ lè ṣe gbogbo èyí fúnra yín lórí GitHub Pages, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ńlá ni, ẹ̀yin náà lẹ ó sì máa tọ́jú rẹ̀. Owó rẹ̀ ń wá láti inú ìpolówó kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìwé. Ètò ìpolówó yẹn ń jẹ́ EthicalAds, kì í sì í tọpa òǹkàwé káàkiri. Àwọn kan kò fẹ́ ìpolówó rárá, mo sì gba tiwọn rò. Ní tèmi, ìpolówó tó hàn kedere, tó sọ ibi tí owó ń gbà wọlé, ó fi mí lọ́kàn balẹ̀ ju ọ̀fẹ́ tí a kò mọ ẹni tó ń sanwó rẹ̀ lọ.

Cloudflare Pages àti Netlify wà fún ẹni tó fẹ́ agbára díẹ̀ sí i. Ti Cloudflare kò fi òdiwọ̀n sí dátà tó ń jáde. Ohun tó fi òdiwọ̀n sí nínú ètò ọ̀fẹ́ ni iye fáìlì, ìyẹn 20,000, àti iye ìgbà tí ẹ lè kọ́ ìkànnì lóṣù kan, ìyẹn 500. Sọ́fítíwíà ńlá tó ń fún iṣẹ́ inú kóòdù kọ̀ọ̀kan ní ojú ìwé tirẹ̀ lè sún mọ́ 20,000 yẹn kíá tó bá tún ń kó ọ̀pọ̀ ẹ̀dà pọ̀. Netlify ní ètò pàtó fún open source, wọ́n sì ń béèrè pé kí iṣẹ́ náà ní láíséǹsì tí a mọ̀, kó ní ìlànà ìwà fún àwọn tó ń kópa, kó sì fi líǹkì wọn sí ìkànnì. Ohun tó mú kí n dárúkọ àwọn méjèèjì ni fáìlì _redirects. Bí ẹ bá yí orúkọ ojú ìwé padà, ẹ kọ ìlà kan sínú fáìlì náà, ẹni tó bá gba àdírẹ́sì àtijọ́ wá á sì bọ́ sí tuntun láìmọ̀ pé nǹkan yí. GitHub Pages kò ní irú èyí. Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni kí wọ́n fi ojú ìwé kékeré kan sí àdírẹ́sì àtijọ́ tí yóò sọ fún aṣàwákiri pé kó kọjá síwájú.

Bóyá ẹ kò tilẹ̀ nílò láti wá ẹnikẹ́ni. Bó bá jẹ́ pé láíbìrì, ìyẹn kóòdù tí àwọn mìíràn ń lò nínú iṣẹ́ tiwọn, ni ẹ kọ, tí ó sì jẹ́ fún èdè kóòdù tó ní ètò tirẹ̀, ìwé yín lè ti wà níta kí ẹ tó béèrè. Bí ẹ bá fi iṣẹ́ Rust ránṣẹ́ sí crates.io, docs.rs á kọ́ ìwé rẹ̀ láti inú àlàyé tí ẹ kọ sáàárín kóòdù, á sì pa ti ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan mọ́. Àwọn ará Elixir ní HexDocs, tí àṣẹ kan náà tó ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ ń fi ìwé ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. pkg.go.dev ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún Go, ṣùgbọ́n kì í fi ìwé hàn tí kò bá rí láíséǹsì tó gbà á láyè láti pín in. Nítorí náà, bí ìwé Go yín bá sọnù níbẹ̀, fáìlì LICENSE ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. javadoc.io wà fún Java, MetaCPAN fún Perl. Ìwé tí irú àwọn yìí ń kọ́ máa ń sọ ohun tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbà àti ohun tó ń dá padà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ṣì nílò ẹni tó máa mú un lọ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, èyí kò sì lè jáde láti inú kóòdù.

Nípa wiki tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòdù lórí GitHub: mi ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti fi í ṣe ìwé ìtọ́sọ́nà rẹ̀. Ìlànà wọn ni pé ẹ̀rọ àwárí kò ní ka wiki iṣẹ́ tí ìràwọ̀ rẹ̀, ìyẹn àmì tí àwọn èèyàn fi ń sọ pé àwọn fẹ́ràn iṣẹ́ kan, kò bá tó 500, tàbí èyí tí ẹ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn láti yí padà. Iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kì í ní ìràwọ̀ 500. Ẹ ó kọ àlàyé tó kún, ẹni tó bá ń wá a lórí Google kò sì ní rí i.

Ohun tó mú mi wá síwájú yín gan-an la fẹ́ dé báyìí. Gbogbo àwọn tí mo dárúkọ yìí ń fúnni láàyè nítorí pé ó bá wọn lára mu lónìí. Google Code bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́ open source ní 2006, ilé-iṣẹ́ tó ní in kò sì tòṣì. Ní oṣù kẹta 2015, wọ́n kéde pé àwọn máa tì í. Nígbà tí oṣù kìíní 2016 fi máa parí, ó ti dákẹ́. CodePlex ti Microsoft bẹ̀rẹ̀ ní 2006 bákan náà, ó sì parí ní 2017. Gitorious lọ ní 2015, lẹ́yìn tí GitLab rà á. PyPI, níbi tí àwọn ará Python ti ń gba láíbìrì, ti fìgbà kan gba ìwé ìtọ́sọ́nà sí pythonhosted.org, kó tó pinnu pé òun kò gba tuntun mọ́, tó sì ní kí àwọn èèyàn gbé tiwọn lọ síbòmíràn. Àwọn tó ti wọlé tipẹ́ kò lè yí ìwé wọn padà mọ́, ìwé ọdún tó ti kọjá sì dúró síbẹ̀, ẹ̀rọ àwárí ń gbé e síwájú àwọn òǹkàwé tó rò pé òun ló dé kẹ́yìn.

Nígbà tí ibi bẹ́ẹ̀ bá pa, kóòdù kì í sábà sọnù, nítorí àdàkọ rẹ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà gbogbo ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́. Àdírẹ́sì ló ń kú. Ẹ ronú gbogbo ìwé ẹ̀kọ́ tó tọ́ka sí ojú ìwé yín, gbogbo ìdáhùn tí ẹnìkan kọ fún ẹlòmíì lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, gbogbo àlàyé inú kóòdù àwọn ẹlòmíì tó sọ pé "ẹ wo ibí yìí". Gbogbo wọn ló máa ń já lọ́jọ́ kan náà, kò sì sí bí ẹ ṣe lè kàn sí àwọn tó kọ wọ́n.

Ẹni tó bá da omi síwájú, á tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ jẹ́ kí àdírẹ́sì jẹ́ tiyín. Ẹ ra orúkọ ìkànnì kan fún iṣẹ́ yín, kí ọ̀rọ̀ náà docs dúró níwájú rẹ̀, kí ẹ sì fi àkọsílẹ̀ CNAME, ìyẹn ìlà tó ń darí orúkọ kan sí òmíì, tọ́ka rẹ̀ sí ẹni tó ń fún yín láàyè lásìkò yìí. Gbogbo àwọn tí mo sọ pé ẹ lè gbé ìwé sí, láti GitHub títí dé Netlify, ló gba èyí. Ní tòótọ́, orúkọ náà ń náni lówó lọ́dọọdún, òun nìkan sì ni ohun tí mo rò pé ó yẹ kí iṣẹ́ tí kò ní owó náwó lé. Ọjọ́ tí ẹ bá kó kúrò, ìlà kan ni ẹ máa yí padà, òǹkàwé kò sì ní mọ̀. Bí owó náà kò bá sí rárá, àwọn iṣẹ́ JavaScript lè béèrè orúkọ ọ̀fẹ́ lábẹ́ js.org, eu.org sì ń fún àwọn mìíràn. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹlòmíì ló ni gbòǹgbò orúkọ bẹ́ẹ̀, ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó gbé fáìlì yín dání, èyí sì ti dára ju kí méjèèjì wà lọ́wọ́ ẹnìkan.

Ààbò HTTPS, tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíì rí tàbí yí ohun tó ń lọ láàárín òǹkàwé àti ìkànnì padà, kì í ṣe ohun tí a tún ń sanwó fún. Let's Encrypt ti ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2015, GitHub Pages sì ti ń lò ó fún orúkọ tí olùlò mú wá láti 2018. Ẹ tẹ àpótí tó ní kí gbogbo èèyàn máa gba HTTPS wọlé, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ.

Ewu kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ dáadáa. Ká ní ẹ pa ìkànnì yín rẹ́ lórí GitHub Pages, ṣùgbọ́n ẹ gbàgbé CNAME tó tọ́ka síbẹ̀. Ẹlòmíì lè dá ìkànnì sílẹ̀ níbẹ̀, kó sọ pé òun ló ni orúkọ yín, kó sì máa pín ohun tó bá wù ú lábẹ́ àdírẹ́sì tí àwọn olùlò yín fọkàn tán. Ìwé ìtọ́sọ́nà kún fún àṣẹ tí àwọn èèyàn ń dà kọ tí wọ́n sì ń lù sínú kọ̀ǹpútà wọn láìronú lẹ́ẹ̀mejì, ẹ sì mọ ohun tí ẹni ibi lè fi ìyẹn ṣe. Nítorí náà, àkọsílẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ kí ẹ tó yọ ìkànnì. GitHub tún ní ètò tí ẹ lè fi jẹ́rìí pé ẹ̀yin lẹ ni orúkọ náà, tí ẹlòmíì kò fi ní lè gbà á. Ẹ lò ó. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnìkan ṣoṣo mọ bí wọ́n ṣe ń wọ ibi tí ẹ ti ra orúkọ náà. Bí ó bá rẹ ẹni bẹ́ẹ̀, tàbí tí ó bá yí àdírẹ́sì ímeèlì rẹ̀ padà, ìkìlọ̀ pé owó ọdún ti tó san kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni.

Mo ní ká di àṣẹ kan àti fódà kan mú. Ìdí rẹ̀ rèé. Bí gbogbo ohun tó ń kọ́ ìwé yín bá wà nínú ibi ìpamọ́ kóòdù, tí àṣẹ kan sì ń kó èsì rẹ̀ sínú fódà kan, kíkó kúrò lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni kò ní le. Ẹ dán an wò nígbà tí ara ṣì tù yín: ẹ kọ́ ìwé náà, ẹ pa íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ fi aṣàwákiri ṣí i láti inú fódà, ẹ wá rìn yí ká inú rẹ̀. Bí àwòrán kan kò bá hàn, bí àwárí kò bá ṣiṣẹ́, bí lẹ́tà bá yí padà, ohun kan wà tí ẹ ń yá lọ́wọ́ sáfà ẹlòmíì láìmọ̀. Àwárí inú MkDocs, inú aṣàwákiri òǹkàwé fúnra rẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ti Sphinx tí ẹ bá kọ́ ọ fúnra yín. Ẹ kò ní nílò sáfà ẹlòmíì fún un. Lórí MkDocs, àwárí náà lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́ tí ẹ bá ṣí fáìlì bẹ́ẹ̀ lásán, torí ọ̀nà tí aṣàwákiri fi ń dáàbò bo fáìlì, ṣùgbọ́n á jí padà tí ẹ bá fi sáfà kékeré orí kọ̀ǹpútà yín ṣí i.

Ìdánwò yìí ń ran òǹkàwé náà lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ka ìwé wa ni nẹ́tíwọ̀kì wọn kì í dúró, tàbí tí wọ́n ń san owó dátà. Ojú ìwé tó gbé fóńtì wá láti ibì kan, tó gbé ẹ̀rọ ìkàyè èrò wá láti ibòmíì, tó tún gbé fídíò tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, máa ń pẹ́ kó tó ṣí fún wọn, nígbà tó jẹ́ pé ìlà mẹ́ta péré ni wọ́n wá kà. Ẹ jẹ́ kó fúyẹ́. Bí ẹ bá gbé ẹ̀dà tuntun jáde, ẹ di fódà ìwé náà ní zip, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ lè mú un lọ kà níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì kò sí. Ẹ tún lọ sí Wayback Machine ti Internet Archive, ẹ ní kó pa àwọn ojú ìwé tó ṣe kókó mọ́. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì gba àkókò. Bí gbogbo nǹkan bá tilẹ̀ bàjẹ́, àdàkọ kan á ṣì wà níbì kan tí kò sí lábẹ́ àṣẹ yín tàbí ti ẹni tó ń fún yín láàyè.

Bí ẹ bá ní kí n yàn fún yín, mo máa béèrè ìbéèrè kan: ṣé àwọn kan ṣì ń lo ẹ̀dà àtijọ́ iṣẹ́ yín? Bí wọ́n bá wà, tí ẹ sì ń lo Sphinx tàbí MkDocs, ẹ lọ sí Read the Docs. Bí kò bá sí, ẹ lo Pages tó bá wà níbi tí kóòdù yín ti wà tẹ́lẹ̀, torí pé ibi tuntun kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀ àti ìlànà tirẹ̀ tí ẹnìkan ní láti máa tọ́jú. Bí ìkànnì yín bá ti dàgbà tí ojú ìwé rẹ̀ ń yí orúkọ padà lemọ́lemọ́, fáìlì _redirects ti tó ìdí láti lọ sí Cloudflare tàbí Netlify. Àwọn iye tí mo sì kà fún yín lè yí padà, nítorí náà ẹ ka ìlànà wọn fúnra yín kí ẹ tó gbé ẹrù.

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù lẹ́yìn irú ọ̀rọ̀ yìí ni ti iṣẹ́ kékeré. Wọ́n á ní, sọ́fítíwíà mi kò ju fáìlì mẹ́ta lọ, ṣé mo nílò gbogbo èyí? Rárá o. README kan, ìyẹn fáìlì àlàyé tó máa ń wà pẹ̀lú kóòdù, tó sọ ohun tí iṣẹ́ náà ń ṣe, bí wọ́n ṣe ń gbé e sórí ẹ̀rọ, àti àpẹẹrẹ kan tó ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ó tó, ibi tí kóòdù wà náà ló sì máa wà. Ẹ ó mọ ìgbà tó bá kún. Ẹnìkan á béèrè ohun tí ìdáhùn rẹ̀ ti wà nínú README, ẹ ó sì rí i pé òótọ́ ni kò rí i, torí ó gùn jù. Ẹ pín in sí fáìlì Markdown mẹ́rin tàbí márùn-ún nígbà náà, ẹ kó wọn sínú fódà docs, ẹ fi index.md ṣáájú wọn. Bó bá jẹ́ orí GitHub ni ẹ wà, ẹ ṣí Settings, ẹ lọ sí Pages, ẹ yan ẹ̀ka main àti fódà /docs, ẹ tẹ Save. Jekyll á sọ Markdown náà di ojú ìwé fún yín láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.